Kùrukùru Kì í Bo Àìmọ̀ọ́ṣe: Bí Camille Corot Ṣe Kọ́ Yíya Àwòrán Ojú-Ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Ìkìlọ̀ lórí ewu tó ń bọ̀ ni òwe yìí jẹ́, ṣùgbọ́n ayàwòrán tó bá fetí sí i yóò tún rí ẹ̀kọ́ mìíràn fà yọ nínú rẹ̀. Ohun tó wà lókèèrè kì í rí bí ohun tó wà nítòsí. Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Màpó ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tó sì wo ìlú náà lọ títí, yóò rí i pé páànù tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, pé pupa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń rọ̀, pé èyí tó wà lọ́nà jíjìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí eérú mọ́. Páànù kan náà ni gbogbo wọn, ìpẹtà kan náà ló mú wọn. Eruku àti afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ojú àti ilé ló pa wọ́n láwọ̀ dà.

Ojú gbogbo ènìyàn ló ń rí èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í tètè mọ̀ ọ́n yà. Ọmọdé tó bá ń ya igbó yóò fi àwọ̀ ewé kan náà kun igi iwájú àti igi ẹ̀yìn, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé igi ni igi. Kí ènìyàn tó lè ya afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé dì mú, ó gbọ́dọ̀ kọ́ láti ya ohun tí ojú rí, kì í ṣe ohun tí ọkàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ dójú àmì ni Jean-Baptiste-Camille Corot, ọmọ ilẹ̀ Faransé (1796–1875). Ìtàn rẹ̀ wúlò fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní kékeré, bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà kọ́ ọ kò pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé e.

Ipò Àwòrán Ojú-Ilẹ̀ Kí Corot Tó Dé

Àwòrán ojú-ilẹ̀ ni èyí tó fi igbó, odò, òkè, pápá àti òfuurufú ṣe kókó. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ipò rẹ̀ kò ga nígbà kan. Ní ọdún 1667, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ André Félibien to irú àwòrán ní ipele-ipele fún ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba ní Paris. Àwòrán ìtàn ló fi sókè pátápátá, ìyẹn àwòrán ìtàn Bíbélì, ti àwọn akọni àti ti àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù. Àwòrán ojú-ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Díẹ̀ ló fi ga ju àwòrán èso àti òdòdó lọ. Èrò wọn ni pé ènìyàn ni olórí ẹ̀dá, pé àwòrán tí kò bá sí ìṣe ènìyàn nínú rẹ̀ kò lè kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ìdí nìyí tí ayàwòrán tó fẹ́ràn igi àti omi fi máa ń wá ènìyàn díẹ̀ fi sínú iṣẹ́ rẹ̀. Claude Lorrain, tó kú sí Róòmù ní 1682, mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Yóò ya oòrùn tó ń wọ̀ lórí òkun, yóò ya kùrukùru wúrà tó bo èbúté, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọba, ayaba tàbí áńgẹ́lì kan sí apá kan, kí iṣẹ́ náà lè ní orúkọ ìtàn tí wọ́n yóò fi pè é. Ènìyàn inú àwòrán ni ìwé ìrìnnà tí ojú-ilẹ̀ fi ń wọ ààfin.

Ṣáájú Claude, Leonardo da Vinci (1452–1519) ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí ohun kan bá ṣe jìnnà tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń pàdánù agbára, àti pé òkè ọ̀nà jíjìn a máa pa àwọ̀ dà di ti aró. Ohun tí ojú rẹ̀ rí yìí ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ṣàlàyé lẹ́yìn náà. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe òfo. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, apá kan a máa fọ́n káàkiri, èyí tó ní àwọ̀ aró ni ó sì ń fọ́n ju èyí tó pupa lọ. Nítorí náà ni òkè tó jìnnà fi ń rí bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró. Bí kùrukùru bá wà, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ a máa fọ́n gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ká bákan náà, ohun gbogbo a sì di funfun tàbí eérú. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ohun dúdú kì í dú tó bó ṣe yẹ mọ́, àwọ̀ kì í tàn tó bó ṣe yẹ mọ́, etí nǹkan kì í sì í mú mọ́. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tó sì lè fi ọwọ́ ṣe é, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹni tó sọ ìmọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni Pierre-Henri de Valenciennes (1750–1819). Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1800, ó gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n gbé ọ̀dà jáde lọ sí pápá, kí wọ́n sì máa ya ibì kan náà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí iṣẹ́ ìta kan má ju wákàtí 2 lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí oòrùn ń yọ tàbí tó ń wọ̀, kí ó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1816, wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní Paris fún àwòrán ojú-ilẹ̀ tó ní ìtàn nínú. Ẹni tó bá gbà á, ìjọba ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀ lọ sí Róòmù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Achille Etna Michallon ló kọ́kọ́ gbà á ní 1817. Kò ju ọmọ ọdún 21 lọ nígbà náà.

Ọmọ Ilé Ìtajà

Ní oṣù Keje ọdún 1796, ọdún kan náà tí wọ́n bí Michallon, ni wọ́n bí Corot sí Paris. Ìyá rẹ̀ ní ilé ìtajà níbi tí àwọn obìnrin olówó ti ń ra fìlà àti ohun ọ̀ṣọ́ orí. Bàbá rẹ̀ ló ń bójú tó owó ibẹ̀. Ọwọ́ wọn tẹ́nu dáadáa. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Rouen, kò sì ta yọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan tó gbà á sílé níbẹ̀ ni ó máa ń mú un rìn gba etí odò àti inú pápá lọ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ gbà pé ìrìn àṣálẹ́ wọ̀nyí wà lára ohun tó gbin ìfẹ́ ojú-ilẹ̀ sí i lọ́kàn.

Nígbà tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò aṣọ. Ó lo ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú òwò. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń lọ kọ́ yíyàwòrán. Ní 1822, nígbà tó di ọmọ ọdún 26, ó bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò lè ṣòwò mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Owó 1,500 fíráǹkì tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún ni bàbá náà gbé fún Corot. Inú bàbá kò dùn sí ìpinnu ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ ọmọ sílẹ̀. Kò yẹ kí òǹkàwé gbójú fo owó yìí. Òun ló jẹ́ kí Corot lè kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ó di dandan kí ó tà kí ó tó jẹun. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lẹ́bùn kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Méjì

Michallon ni Corot kọ́kọ́ lọ bá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ní ti ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti dé Róòmù, ó ti bọ̀, èkejì kò tíì mọ bí a ṣe ń po ọ̀dà. Corot kò ka ọjọ́ orí sí, nítorí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀kọ́ tí Michallon kọ́ ọ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe: kí ó dúró níwájú ohun tó fẹ́ yà, kí ó sì ya á bó ṣe rí gan-an, láìfikún, láìyọkúrò. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ikú fi mú Michallon lọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1822 náà.

Corot wá lọ sọ́dọ̀ Jean-Victor Bertin, tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Valenciennes. Lọ́dọ̀ Bertin ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán: ibi tí igi ńlá yóò dúró sí, ibi tí ojú yóò gbà wọlé, bí ènìyàn kékeré ṣe lè fi hàn pé òkè ga. Bí a bá pa ẹ̀kọ́ ọ̀gá méjèèjì pọ̀, a ó rí i pé Michallon fún un ní òtítọ́, Bertin sì fún un ní ìlànà. Ìyókù ayé rẹ̀ ni ó fi wá ọ̀nà tí méjèèjì yóò fi gbé inú ilé kan láìjà.

Afárá Narni

Ní ìparí ọdún 1825, Corot dé Róòmù. Kí àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ kí ó lọ, wọ́n ní kí ó ya àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn; àwòrán náà wà ní Louvre di òní. Ó lo nǹkan bí ọdún 3 ní Ítálì. Ojoojúmọ́ ni ó ń jáde. Nígbà náà kò tíì sí ọ̀dà inú tíúbù, nítorí pé ní 1841 ni John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà kan, tó ṣe ìyẹn jáde. Inú àpò-ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ń di ọ̀dà sí. Ìmọ́lẹ̀ Ítálì le, òfuurufú ibẹ̀ mọ́, ìyẹn sì dàrú mọ́ ọn lójú ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó fẹ́ fi síwèé máa ń rìn lọ kí ó tó ya orí wọn tán. Ó wá kọ́ láti kọ́kọ́ ya ìrísí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó bá ku àyè, kí ó wá fi ojú àti ọwọ́ kún un. Láti inú ìṣòro yìí ni ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ìrísí kan ṣoṣo tó bá ibi tó wà mu.

Ní 1826, ó dé ìlú Narni, níbi tí afárá kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ ti wó sórí odò Nera. Ó ya á ní ìta gbangba lórí bébà tí kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Odò náà pọ́n fún ẹrẹ̀, bèbè rẹ̀ rí gálegàle, òkè ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú òfuurufú lọ. Kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀; afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ṣe èyí tó tóbi, tó gbé lọ sí Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ti Paris, ní 1827. Nínú èyí, bèbè gálegàle ti di ilẹ̀ títẹ́jú. Igi ti hù sí ẹ̀gbẹ́, darandaran àti ẹran rẹ̀ sì ti yọ síwájú. Àwòrán kékeré wà ní Louvre, ńlá wà ní ilé àkójọ ọnà ti orílẹ̀-èdè Kánádà ní Ottawa.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ohun kan ṣoṣo ṣàlàyé iṣẹ́ Corot fún kíláàsì rẹ̀ kò níláti wá ju àwòrán méjì yìí lọ. Ti àkọ́kọ́ ni ohun tí Michallon kọ́ ọ, ti èkejì ni ohun tí Bertin kọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ Salon fẹ́ èkejì. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iyì ọnà fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù. Ohun tí Corot kò tíì rí nígbà náà ni ọ̀nà tí darandaran náà yóò fi wọ inú afẹ́fẹ́ ti àkọ́kọ́, láìdà bí àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé.

Ìwọ̀n Ìmọ́lẹ̀ Ṣáájú Àwọ̀

Ìlànà tí Corot tẹ̀lé títí ayé rẹ̀, tó sì fi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, pín sí ìpele mẹ́rin. Ìrísí ni àkọ́kọ́: kí a mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan dúró sí àti bó ṣe tóbi tó. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni èkejì, ìyẹn bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó tàbí ṣe ṣókùnkùn tó sí èkejì rẹ̀. Àwọ̀ ni ẹ̀kẹta. Bí ọwọ́ ṣe gbé ọ̀dà lé e ni ẹ̀kẹrin. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ni pé wọn a fo èkejì, wọn a sì sáré bá ẹ̀kẹta, nítorí pé àwọ̀ ló ń dùn mọ́ ojú.

Corot kì í sáré bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wá ibi tó ṣókùnkùn jù lọ nínú ohun tó ń wò, yóò sì fi í sílẹ̀. Yóò wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ, yóò fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ìyókù yóò wá máa wà láàárín méjèèjì ní ipele-ipele. Nígbà tó bá ń fi pẹ́ńsùlù ṣe àkọsílẹ̀ níta tí àyè kò sì sí, ó ní àmì tirẹ̀: òbìrí fún ibi ìmọ́lẹ̀, igun mẹ́rin fún ibi òjìji. Bó bá délé, àmì wọ̀nyí tó láti rán an létí gbogbo ibẹ̀.

Bó bá wá kan àwọ̀, òwò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ó máa ń po ọ̀dà funfun mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀, débi pé àwọ̀ ewé rẹ̀ kì í tàn yòò, aró rẹ̀ kì í dú, gbogbo wọn a sì jọ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀dà funfun ìgbà náà, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é, májèlé sì ni. Èyí tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ lónìí, tí wọ́n fi títáníọ́ọ̀mù ṣe, kò léwu bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa iná àwọ̀ ewé lè fi pupa bíńtín sí i. Bó bá fẹ́ kí ó jìnnà, yóò fi funfun àti aró díẹ̀ kún un. Láàárín gbogbo eérú àti fàdákà wọ̀nyí, Corot fẹ́ràn láti fi pupa kékeré kan sílẹ̀, bóyá fìlà atukọ̀ tàbí aṣọ obìnrin. Pupa náà kò ju orí ìka lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ojú mọ bí ìyókù ti rọ̀ tó. Ata kékeré inú ọbẹ̀ ni.

Olùkọ́ lè dán ìlànà yìí wò láìná owó púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èédú àti ṣọ́ọ̀kì funfun ṣe àpótí 5 lórí bébà, láti orí dúdú kirikiri dé orí funfun báláú. Kí ó wá ya pápá ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tàbí lẹ́yìn òjò, kí ó sì pinnu àpótí tí igi ìtòsí bọ́ sí, èyí tí ògiri ọ̀nà jíjìn bọ́ sí, àti èyí tí ọmọ tó dúró láàárín méjèèjì bọ́ sí. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan àwọ̀ títí ìpele márààrún yóò fi dúró.

Láti Ara Hágárì Dé Etí Omi Mortefontaine

Ní Salon ọdún 1835, Corot gbé Hágárì nínú aginjù jáde. Ìtàn inú Jẹ́nẹ́sísì ni: wọ́n lé ìyá àti ọmọ kúrò nílé, omi tán, ọmọ ń kú lọ, áńgẹ́lì sì ń bọ̀ lókèèrè. Àwọn òkúta àti igi tó yí wọn ká jẹ́ èyí tó ti yà níta ní Ítálì àti nínú igbó Fontainebleau. Ojú-ilẹ̀ líle náà bá ìbànújẹ́ obìnrin náà mu. Iṣẹ́ náà gba ìyìn. New York ló wà báyìí. Síbẹ̀, bí a bá mú ìtàn Bíbélì kúrò nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí obìnrin náà ń sunkún fún. Ìtàn ló ṣì gbé àwòrán náà ró.

Ọdún ń gorí ọdún. Ó padà sí Ítálì ní 1834 àti 1843. Ní 1846, ìjọba Faransé fún un ní oyè Légion d'honneur nígbà tó di ọmọ 50 ọdún. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ tó wá rí i pé ọmọ òun kì í fi àkókò ṣòfò. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá náà kú. Corot ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ títí di ìgbà náà, kò sì gbéyàwó títí ó fi kú. Ní Ville-d'Avray, níbi tí ẹbí rẹ̀ ní ilé kan lẹ́bàá odò adágún, ni ó ti ń jí wo kùrukùru bó ṣe ń gbéra lórí omi ṣáájú kí oòrùn tó là.

Láti nǹkan bí ọdún 1850, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ìlà gbọnrangandan Ítálì rọ̀, ewé igi di bí eéfín, odò di bí fàdákà. Àwọn onímọ̀ kan rí ọwọ́ fọ́tò nínú ìyípadà yìí. Ẹ̀rọ fọ́tò ìgbà náà máa ń pẹ́ kó tó yàwòrán, tí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́ igi, ewé a bára wọn pò di ìkùukùu. Corot ní ọ̀pọ̀ fọ́tò nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1853 ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Arras sì ti ń ha àwòrán sára gíláàsì, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fọ́tò.

Iṣẹ́ tó kó gbogbo ẹ̀kọ́ yìí jọ ni èyí tó pè ní ìrántí Mortefontaine, tó gbé lọ sí Salon ní 1864. Mortefontaine jẹ́ ibì kan ní àríwá Paris tó ní adágún. Corot ti ń lọ síbẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Kò jókòó sí etí omi náà ya àwòrán yìí. Láti inú ọkàn ni ó ti fà á jáde, ìdí nìyẹn tó fi pè é ní ìrántí. Igi ńlá kan tẹ̀ láti apá ọ̀tún, ewé rẹ̀ bo òfuurufú. Omi adágún dákẹ́ rọ́rọ́, bèbè òdìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́ nínú kùrukùru. Lápá òsì, obìnrin kan na ọwọ́ sókè sí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọdé méjì wà nítòsí rẹ̀.

Obìnrin yìí kì í ṣe Hágárì. Kò ní orúkọ, kò ti inú ìwé kankan wá, áńgẹ́lì kankan kò bọ̀ wá bá a. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ bá ti igi tó dúró tì mu. Etí aṣọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ewé. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, omi náà yóò dá páropáro. Bí a bá yọ omi àti kùrukùru kúrò, òun náà kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́. Ìṣòro tó wà nínú afárá Narni, èyí tó gbà á ní ọdún 37, ló yanjú níbẹ̀. Ènìyàn kì í ṣe ìwé ìrìnnà fún ojú-ilẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń mí. Napoleon Kẹta, ọba ilẹ̀ Faransé nígbà náà, ra àwòrán yìí. Louvre ló wà báyìí.

Bàbá Corot àti Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ń pe àgbà yìí ní Bàbá Corot. Kò dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lé ẹni tó bá wá bá a. Camille Pissarro, tí wọ́n bí sí erékùṣù St. Thomas ní Kàríbíánì, fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Salon ọdún 1864 gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ Corot. Berthe Morisot àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Edma náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ọnà ìjọba kò gba obìnrin. Ó máa ń yá wọn ní àwòrán tirẹ̀ kí wọ́n wò ó yà. Nígbà tó di 1874, Pissarro àti Berthe Morisot wà lára àwọn tó pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ìpàtẹ àkọ́kọ́ àwọn Impressionist, tó yí ọnà ilẹ̀ Yúróòpù padà.

Nígbà tí owó dé, kò dá a jẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì yí Paris ká ní 1870 sí 1871, ó fi 20,000 fíráǹkì ṣe ìrànwọ́ fún àwọn tálákà ìlú. Ó ra ilé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Honoré Daumier, ayàwòrán tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí kò sì rí owó ilé san. Nígbà tí Jean-François Millet kú ní oṣù Kìíní ọdún 1875, ó fi 10,000 fíráǹkì ránṣẹ́ sí opó rẹ̀. Corot náà tẹ̀lé e ní oṣù Kejì ọdún náà.

Ṣùgbọ́n inú rere yìí àti òkìkí àwọ̀ eérú rẹ̀ bí ọmọ tí kò rọrùn láti tọ́. Àwọn oníṣòwò àwòrán fẹ́ kùrukùru ṣáá, ó sì tún un yà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, débi pé àwọn kan nínú iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jọra jù. Àwọn tó wò ó yà pọ̀. Ìtàn tilẹ̀ sọ pé ó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹlòmíràn kí ẹni náà lè rí i tà. Bẹ́ẹ̀ ni ayédèrú gba ọjà. Dókítà ará Faransé kan wà tó kó ohun tó pè ní iṣẹ́ Corot jọ. Nígbà tó kú ní ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n rí i pé ó lé ní 2,000, ayédèrú sì ni wọ́n.

Ohun tó ń tú ayédèrú fó ni ẹ̀kọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó wo Corot yà rí i pé àwòrán rẹ̀ ṣú, pé etí igi rẹ̀ rọ̀, ó sì rò pé kí òun sáà fi eérú bo gbogbo rẹ̀ ni ó kù. Kò rí ọdún 3 ní Ítálì tó wà lábẹ́ kùrukùru náà. Kò rí òbìrí àti igun mẹ́rin. Nínú iṣẹ́ Corot gan-an, igi tó rọ̀ bí eéfín ṣì ní egungun. Nínú ti ayédèrú, eéfín nìkan ló wà. Kùrukùru kì í bo àìmọ̀ọ́ṣe. Ńṣe ló máa ń tú u síta.

Ohun Tó Kù Fún Akẹ́kọ̀ọ́

Ìlú Paris kan náà ni Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, dé nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Yúróòpù láàárín ọdún 1920 sí 1922. Òun náà ti ṣe iṣẹ́ oṣù ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí àyè lọ. Ó ti sún mọ́ 40 ọdún. Nígbà tó padà, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó ní bí ọ̀nà àti ilé ṣe ń kéré sí i bí wọ́n ti ń jìnnà sí ojú. Bí ìlà ṣe ń sọ ọ̀nà jíjìn ni ó kọ́ wọn. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀kọ́ Corot. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀kọ́ méjèèjì, ẹni tó bá kọ́ ọ̀kan kò yẹ kó fi èkejì sílẹ̀.

Corot pa ilé ìtajà tì ní ọmọ ọdún 26. Ọmọ ọdún 68 ni ní ọdún tí ìrántí Mortefontaine jáde. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe idán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ya òwúrọ̀ ọyẹ́ ìlú rẹ̀, pẹ̀lú ìyá tó ru igbá tó ń ti inú kùrukùru bọ̀ ní títì, kò níláti wá odò Faransé lọ. Kí ó tètè jí, kí ó mú èédú rẹ̀ dání, kí ó sì kọ́kọ́ wá ibi tó ṣókùnkùn jù lọ.